Orúkọ Tí Mo Gbẹ́ Kúrò Lára Òkúta

Iṣẹ́ tẹrásò ni mo kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí n tó wá sí Èkó. Òkúta wẹ́wẹ́, funfun àti dúdú, ni à ń pò mọ́ símẹ́ńtì. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, bó bá ti gan, a ó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán bí abọ́ tánganran. Pálọ̀ àwọn olówó ni mo kọ́kọ́ ń tẹ́, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìdímù, títí dé Ìkẹjà. Nígbà tí nǹkan wá le, tí símẹ́ńtì di ohun tí èèyàn ń wò lókèèrè, àwọn onílé kò pè mí mọ́. Àwọn olókùú ló kù. Ẹni tí kò rí pálọ̀ tẹ́ fún bàbá rẹ̀ láyé á fẹ́ tẹ́ ojú oórì fún un. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé lẹ́tà sínú símẹ́ńtì tútù. Mo mọ iye ọjọ́ tí orúkọ èèyàn fi ń gan. Ohun tí orúkọ náà ń ṣe lẹ́yìn tó bá ti gan tán, mi ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ọ̀gá tó kọ́ mi.

Ibùdókọ̀ kan wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkọ̀tún lọ sí Ìgàndó, ní ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ìdí Ìṣin là ń pè é nígbà náà, nítorí igi ìṣin ńlá kan tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó la ọ̀nà. Ilé tí èmi àti ìyàwó mi háyà kò jìnnà síbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, típà kan tó ru yanrìn ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti òkè, bíréèkì rẹ̀ sì fẹ́ẹ̀lì. Ó já wọ àárín àwọn tó dúró de ọkọ̀, ó sì dojú dé. Gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kọ́ ni mo lè sọ. Yanrìn bo àwọn kan mọ́lẹ̀. Ṣọ́bìrì kò tó, ọwọ́ lásán ni a fi ń wa á. Èèyàn méje ló kú: ọmọléèwé mẹ́rin, ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀pà, àti tọkọtaya kan tí wọn ò tíì lo oṣù kan ládùúgbò. Dírẹ́bà típà náà kú pẹ̀lú wọn.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ aránṣọ àdúgbò wa, wà nínú àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, kíláàsì kìn-ín-ní ilé-ìwé girama ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Ṣọ́ọ̀bù ìyá náà kọjú sí ibùdókọ̀ yẹn gan-an. Ìyá náà ló kọ́kọ́ sáré dé ibẹ̀; téèpù tó fi ń wọn èèyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí mo bá a nínú yanrìn.

Ṣáájú ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin yìí ní aránṣọ. Orúkọ ọmọ yẹn ni gbogbo wa fi ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo abiyamọ: Ìyá Lágbájá, láti àárọ̀ di alẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ, orúkọ náà kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Ká ní ó bí òmíràn ni, orúkọ ti àbúrò ni à bá fi máa pè é. Kò sí àbúrò. "Àǹtí aránṣọ" ló wá di.

Ó yẹ kí n sọ èyí náà: mo mọ dírẹ́bà típà yẹn. Ó máa ń já yanrìn fún mi níbi iṣẹ́. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn gúgúrú. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ṣáájú ọjọ́ náà tó fi sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, bíréèkì ọkọ̀ yìí ò gbọ́ràn mọ́ o. Mo ti sọ fún ọlọ́kọ̀ títí ó ti sú mi, ó ní kí n ṣì máa fi jíà kó o níjàánu." Mo ní kó máa rọra. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo nílò yanrìn mi.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò pe ìpàdé sínú kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Alága wọn jẹ́ tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, onínúure èèyàn, ẹni tó máa ń bọ́ fìlà kó tó sọ̀rọ̀. Wọ́n pe èmi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé ni mí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Alága ní òun fẹ́ kí a gbé òkúta ìrántí kan sí ibùdókọ̀ náà, kí a kọ orúkọ àwọn tó kú sí i.

Ó ní, "Tí a kò bá kọ ọ́ síbì kan, ọdún márùn-ún sí i, yóò dà bí ẹni pé wọn ò wáyé."

Ọkùnrin kan ní ká kúkú ṣe bọ́ǹpù sójú títì, kí ọkọ̀ má lè sáré mọ́. Alága ní ìjọba ló ni títì, àwọn ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò sì tíì dáhùn. Ó ní òkúta ni agbára wa ká. Gbogbo wa pátẹ́wọ́. Mo ti ronú sí i láìmọye ìgbà láti ìgbà yẹn pé ohun tí agbára wa ká ni a ṣe, a kò bèèrè bóyá òun ni ó yẹ.

Bàbá àgbà kan wà nídìí fèrèsé, ará ìdílé tó ni ilẹ̀ àdúgbò náà látijọ́. Kì í sábà sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó fọwọ́ sókè, ó ní:

"Láti ọjọ́ aláyé, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n á gbé òkú ọmọ gba ẹ̀yìn jáde ni, àwọn ará ilé á sì di ìyá rẹ̀ mú nínú yàrá. Ẹ̀yin wá fẹ́ gbé e síta gbangba. Ṣé ẹ ti bi àwọn ìyá wọn?"

Alága fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn: "Bàbá, òkú kankan kò sí lábẹ́ rẹ̀ o. Orúkọ lásán ni. Àwọn bàbá wọn sì wà níbí, wọ́n ti fọwọ́ sí i."

Bàbá náà ní, "Mi ò béèrè àwọn bàbá."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì kọjá. Òótọ́ ni pé àwọn bàbá wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ aránṣọ jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú, akọ̀wé ni ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ó sì mú ìwé àti bírò lọ́wọ́. Kò sí ìyá kankan nínú kíláàsì náà.

A jíròrò ọ̀pọ̀ nǹkan lọ́jọ́ náà, ẹ má rò pé a kò ronú. A jà lórí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò ṣáájú, a wá fẹnu kò sí pé ká tẹ̀lé ọjọ́ orí. Àwọn kan ní ká ya àgbélébùú sí i, àwọn kan ní ká ya oṣù àti ìràwọ̀. A ní ká má ya nǹkan kan. A ní èdè Yorùbá ni ká fi kọ ọ́, kí ìyá ẹlẹ́pà tó kú yẹn, tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì láyé, má baà di ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ikú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè pé, "Dírẹ́bà ńkọ́? Òun náà kú ṣá."

Kíláàsì náà gbiná. "Apànìyàn wo?" "Kí wọ́n lọ kọ tirẹ̀ sí gáréèjì wọn!" Bàbá kan lára àwọn tó ṣọ̀fọ̀ ti dìde. Mo wà níbẹ̀, mo mọ̀ nípa bíréèkì náà, mo mọ ohun tí ọlọ́kọ̀ wí. Ká ní mo sọ ọ́ ni, wọ́n lè má gbà á, àmọ́ wọn ì bá ti gbọ́ ọ. Mo wolẹ̀. Alága ní, "Méje ni a ó kọ," ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti ṣe òkúta náà. Mi ò gba owó iṣẹ́. Bàbá ọmọ aránṣọ máa ń yà bá mi bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fi ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, á máa wò mí. Ó ti kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sórí ìwé fún mi, lẹ́tà ńláńlá, ó sì tẹ àwọn àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo àmì yìí. Tí kò bá sí níbẹ̀, orúkọ ọmọ ẹlòmíràn ni."

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo fi tẹ àmì náà sínú símẹ́ńtì. Ó dìde, ó wò ó, ó ní, "Òun nìyẹn." Mo rò pé iṣẹ́ rere ni mò ń ṣe. Títí dòní, tí mo bá rántí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, mi ò lè sọ pé irọ́ ni.

Nígbà tó di pé ká gbé e dúró, alága fẹ́ kí ojú òkúta náà kọjú sí títì kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lè rí i. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò ní láti dúró sójú títì, ọkọ̀ á sì tún gbá a. Mo ní ká kọ ojú rẹ̀ sí ìhà ilé. Gbogbo wọn yìn mí pé mo lóye. Bó ṣe di pé òkúta náà kọjú sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ nìyẹn, gbọnrangandan, bí ẹni tó wá rán aṣọ. Èmi ni mo pàṣẹ, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e dúró.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n gbàdúrà, àwọn ọmọléèwé kọrin. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì. Mi ò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí obìnrin náà tó wá bá mi. Òwúrọ̀ ni, mo ń fi síéfù, asẹ́ iṣẹ́ mi, jọ̀ símẹ́ńtì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ ọmọ mi kúrò lára òkúta yẹn."

Mo ní kó dìde. Ó ní òun dúpẹ́, àwọn èèyàn ṣe dáadáa, òun kò bá ẹnikẹ́ni jà.

"Gbogbo àdúgbò ló ti pa orúkọ yẹn mọ́ lẹ́nu fún mi. Wọ́n ṣe mí lóore. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèèṣì pè é, á já a gé. Òkúta yín nìkan ló ṣì ń pè é. Bí mo bá gbójú sókè nídìí máṣìnnì báyìí, ó ti pè é. Aṣọ àwọn oníbàárà ni mò ń gé bàjẹ́."

Mo ní, "Ọkọ yín ńkọ́? Òun ló kọ ọ́ fún mi."

"Òun ń lọ sí Ìkẹjà láràárọ̀. Èmi ni mò ń jókòó síwájú rẹ̀."

Mo sọ fún un pé ẹgbẹ́ ló ni òkúta náà, kó lọ bá alága. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò léékún, ó lọ.

Mo rò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá. Ó ti yí máṣìnnì rẹ̀ kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹnu ọ̀nà, bí oníbàárà bá sì wọlé, á bá a sọ̀rọ̀ láìyíjú. Ìyàwó mi ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ní ti bàbá ọmọ náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló máa ń gbé korobá omi, ọṣẹ àti àkísà wá, á fọ gbogbo òkúta náà, orúkọ méjèèje, á sì fi ìka nu inú lẹ́tà ọmọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́lòmíràn tó ń fọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ kò yan ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tí a jíròrò ní kíláàsì yẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè ta ni yóò máa fọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí ọkùnrin náà ti lọ sí ibi iṣẹ́, mo mú òòlù àti irin ìgbẹ́kúta mi, mo sì gbẹ́ orúkọ náà kúrò. Tẹrásò kì í ṣe ohun tí à ń nù bí ṣọ́ọ̀kì. Ó ń fọ́ ju ibi tí èèyàn fẹ́ lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, ihò gbọọrọ kan ló kù láàárín orúkọ mẹ́fà. Mo po òmíràn, mo dí i, mo lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ tí mo rí rà lọ́jọ́ náà funfun ju ti àtijọ́ lọ. Àpá náà wá hàn ju orúkọ tó kù lọ. Èèyàn kì í rí àwọn orúkọ náà látòkèèrè. Àpá yẹn, láti òdìkejì títì ni wàá ti máa rí i. Mo gbójú sókè, mo rí aránṣọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni tàbí ohun mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ọkùnrin náà wá sí ilé wa, korobá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò tíì dínkù.

Ó ní, "Bọ̀dá, ta ló ní kí ẹ pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì?"

Ohùn rẹ̀ kò le. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá ti mọ bí mo ṣe máa dáhùn.

"Ṣé ìyá rẹ̀ ni?"

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn náà ló dá a lóhùn. Ó gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀ sí iwájú ilé wa, ó lọ, kò padà wá gbé e. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Ọkùnrin náà ní obìnrin náà sin ọmọ náà ju bí a ti sin ín lọ. Obìnrin náà ní ọkọ òun ló ń hú u jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ràn ọmọ wọn. Kò sí èyí tó jẹ̀bi. Mo lọ bá alága pé kó bá wọn dá sí i. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó mi orí, ó ní òun kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó tún wá ṣẹlẹ̀ kò sẹ́ni tó rò ó. Àwọn kọ̀ndọ́ ọkọ̀ tó ń ná Ìkọ̀tún sí Ìgàndó kò pe ibẹ̀ ní Ìdí Ìṣin mọ́. Igi náà ti ń kú lọ láti ọjọ́ tí típà ti gbá a, òkúta ló kù tí èèyàn fi ń mọ ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Òkú Méje. Ní oṣù díẹ̀, gbogbo ayé ti gbà á. Ẹni tó ń lọ kí ọmọ tuntun, Òkú Méje ló ń sọ̀ sí. Mo gbọ́ tí ọmọge kan ń júwe ilé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Tó o bá ti dé Òkú Méje, ọwọ́ ọ̀tún ni." Kò sí nǹkan burúkú lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ á máa fi ìka ka orúkọ ara òkúta. Mẹ́fà ni wọ́n ń rí. "Ṣé kì í ṣe méje ni wọ́n ní?" Wọ́n á wo àpá funfun yẹn. Ẹnìkan ní ẹni keje kò kú ní tòótọ́. Ẹlòmíràn ní ọmọ burúkú kan ni, pé òun ló fa jàǹbá náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀. Mo máa ń já lu wọn, mo máa ń sọ pé, "Èmi ni mo yọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí." Wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀. Ìgbà kan obìnrin kan dá mi lóhùn pé, "Ìyá wo ló máa ní kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ òun? Ohun tó mọ̀ ló ń bò, jàre."

Ó dé etí aránṣọ. Kò sí bí kò ṣe ní dé e. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Mo lọ bá a. Mo ní tó bá fẹ́, mo lè kọ orúkọ náà padà, tàbí kí n wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ kí ẹgbẹ́ ṣe mí bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó ń tú ìránṣọ ara kaba kan, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Bọ̀dá, òkúta kọ́ ni mọ́. Ṣé ẹ kì í gbọ́ wọn ni?"

Ọkọ̀ kan dúró lóde bó ti ń sọ̀rọ̀. Kọ̀ndọ́ náà lu ara ọkọ̀, ó ké pe àwọn èrò inú rẹ̀: "Òkú Méje, ó wà?" Ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú: "Ó wà o!" Bí wọ́n ṣe ń béèrè ní gbogbo Èkó nìyẹn bí ẹnìkan bá fẹ́ sọ̀.

Ó ní, "Láti aago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n á ní ṣé ó wà, ẹnìkan á ní ó wà. Ó wà, ó wà. Kò sí, bọ̀dá. Ọmọ mi ò sí."

Orúkọ tí mo fi irin kọ, mo rí irin gbẹ́ ẹ. Èyí tó wà lẹ́nu èrò, irin wo ni mo fẹ́ fi gbẹ́ ẹ? Kí ọdún náà tó parí, ó ta máṣìnnì rẹ̀, ó padà sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọkọ rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Ó ṣì ń wá sídìí òkúta náà fún ìgbà díẹ̀, láìmú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo tún sọ fún un pé mo lè kọ orúkọ náà padà. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ." Bó ṣe di pé ó gbà fún un nìyẹn, nígbà tí obìnrin náà kò sí nítòsí láti gbọ́. Lẹ́yìn èyí, òun náà kó lọ. Àwọn kan ní Dọ̀pẹ̀mú, àwọn kan ní ibùdókọ̀ Pleasure ni wọ́n ti rí i. Mi ò tún fojú kàn án.

Ìgbà kan ṣoṣo ni mo tún fọwọ́ kan òkúta yẹn, nígbà tí igun rẹ̀ kan fọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́sàn-án nígbà tí obìnrin kan wá dúró tì mí, ọmọ kékeré kan dì mọ́ ìró rẹ̀. Ó ń ka àwọn orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo wọn nìyí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹni tó wa ọkọ̀ náà ńkọ́?"

Mo wo ọmọ náà, mo sì rí ojú dírẹ́bà tó fẹ́ràn gúgúrú yẹn lójú rẹ̀. Kí n tó rí nǹkan sọ, obìnrin náà fi ìka kan àpá funfun náà.

"Ṣé ibí ni tirẹ̀ wà, tí wọ́n wá ní kí wọ́n yọ ọ́?"

Orí ni mo mì, mo mì í bí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dáa náà. Wọ́n kọ́kọ́ rántí ẹ̀." Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fi tẹ ibi àpá náà, wọ́n sì lọ. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú síéfù mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí ààyè sọ òótọ́ nípa ọkùnrin yẹn. Ní àkọ́kọ́ mo dákẹ́, ní èkejì mo parọ́. Ibi tí orúkọ ọmọ kan wà ni mo sì ti parọ́ náà.

Ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn èyí, àwọn àgbà àdúgbò kan lápá Akowonjo wá sọ́dọ̀ mi. Iná ti jó ilé kan lọ́dọ̀ wọn, àwọn èèyàn kú, wọ́n fẹ́ òkúta ìrántí. Wọ́n ti gbọ́ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi àga fún wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n béèrè nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ta ló máa rí i láràárọ̀, tí kò ní rí ibòmíràn gbà? Ṣé wọ́n ti lọ bá àwọn ìyá, kì í ṣe àwọn bàbá nìkan? Ta ni kò sí nínú ìwé orúkọ tí wọ́n mú lọ́wọ́ yìí, kí ló dé tí kò fi sí níbẹ̀? Ta ló máa fọ̀ ọ́? Bí ẹnìkan bá yí ọkàn padà lọ́jọ́ iwájú, kí ni a ó ṣe? Kí ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa pe ibẹ̀ tó bá di ọ̀la?

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ọ̀gá, iṣẹ́ la gbé wá. Ẹ sọ fún wa bóyá ẹ lè ṣe é."

Mo ní mi ò tíì lè sọ.

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dìde. Wọ́n rí ẹlòmíràn tó ṣe é fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń lọ wo iṣẹ́. Ó dára, lẹ́tà rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé tó kù lẹ́yìn iná náà. Wọ́n sá aṣọ sórí okùn níwájú ilé náà, nítorí náà èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Mo dúró díẹ̀ bóyá ẹnìkan á jáde. Kò sẹ́ni tó jáde, mo sì bá tèmi lọ.